Ṣé dandan ni ká wo irú eré yìí tán? Apá kẹrin Baby Reindeer dá mi dúró

Awòran-Òru
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ Baby Reindeer, eré alápá méje tí Richard Gadd, aláwàdà ọmọ Scotland, kọ tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣe olórí eré. Oṣù kẹrin 2024 ló jáde lórí Netflix. Fún ẹni tí kò tíì wò ó: ọkùnrin kan ń ta ọtí ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin kan wọlé tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin yìí bá fi ife tíì kan ta á lọ́rẹ. Wàhálà dé nìyẹn. Obìnrin náà ò fi í lọ́rùn sílẹ̀ mọ́, ì báà ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ì báà ṣe nílé, títí kan ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Gadd ní ó ṣẹlẹ̀ sí òun lóòótọ́, pé ímeèlì tí òun gbà lé ní 41,000, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún òun lórí fóònù sì tó wákàtí 350.

Apá mẹ́ta àkọ́kọ́ wọ̀ mí lára gan-an. Ìgbà tó di apá kẹrin, tí eré padà sẹ́yìn lọ sọ ìyà tí ọ̀gá kan nídìí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi jẹ ọkùnrin náà, bó ṣe ń fún un lóògùn olóró, tó ń ṣèlérí iṣẹ́ fún un, tó sì ń fipá bá a lò pọ̀ nígbà tí kò mọ ibi tó wà, mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mi ò tíì padà síbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àbúrò mi ní ojo ni mí. Ó ní bí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí bá lè kọ ọ́, tó tún lè ṣe é níwájú kámẹ́rà, kí ló ń ṣe èmi tí mo kàn jókòó sórí àga? Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé òǹwòran jẹ irú eré báyìí ní gbèsè kankan?

Kò-kàn-mí
Eré ni. Bí ò bá dùn, pa á.

Ìyá-Ìbejì
Kò-kàn-mí, orúkọ rẹ ro ẹ́ o.

Awòran-Òru, má dá àbúrò rẹ lóhùn. Ẹni tó kọ ọ́ ló yan ìgbà tó máa sọ ọ́ àti bó ṣe máa sọ ọ́. Ìwọ náà láṣẹ láti yan ìgbà tó o máa gbọ́ ọ.

Eré Maid ni tèmi, ti 2021. Ìwé tí Stephanie Land kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, nígbà tó ń fọ ilé onílé kó lè bọ́ ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé e kà. Obìnrin inú eré náà, Alex, gbé ọmọ rẹ̀ sá jáde lóru nítorí pé ọkùnrin rẹ̀ mutí yó, ó ń fọ́ nǹkan, ó fi ẹ̀ṣẹ́ dá ihò sára ògiri. Ó dé ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran èèyàn lọ́wọ́, wọ́n bi í pé ṣé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ nílé ni, ó ní rárá, kò lù mí. Bẹ́ẹ̀ àfọ́kù gíláàsì ló ṣà kúrò nínú irun ọmọ rẹ̀! Mo dá eré dúró níbẹ̀, mo dìde, mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà kan pé "kò kúkú lù mí", tí àwọn ìbejì sì ń gbọ́.

Ibì kan tún wà níwájú tí Alex ti padà sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn. Ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù, àga náà sì ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀ títí tí ojú rẹ̀ fi wọlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí á máa sọ pé kí ló dé tí kò dìde. Èmi mọ ìdí tí kò fi dìde. Lọ́yà kankan ò tíì bá mi ṣàlàyé ẹ̀ tó yé mi bí àga yẹn ṣe ṣàlàyé ẹ̀.

Kò-kàn-mí
Ẹ má bínú, ma. Mi ò mọ̀ pé ó kan ẹnikẹ́ni níbí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n béèrè: ta ló ń jèrè? Ẹnìkan jìyà, ilé iṣẹ́ ńlá fi pawó, àwa fi ṣe fàájì òpin ọ̀sẹ̀. Baby Reindeer gba àmì ẹ̀yẹ Emmy mẹ́fà ní oṣù kẹsàn-án 2024. Àtẹ́wọ́ yẹn, ta la pa á fún?

Ewé-Tútù
Mo ti ń kà yín látàárọ̀, mo ń rò ó bóyá kí n sọ̀rọ̀ tàbí kí n dákẹ́.

Wọ́n ti dọdẹ mi rí. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ibi iṣẹ́. Oore ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá mú nǹkan tó ń ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó jọ ọ̀ràn. Ó gbé òdòdó sórí tábìlì mi. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé aṣọ aláwọ̀ ewé tí mo wọ̀ bá mi mu, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìsinmi mi ni, inú ilé ni mo ti wọ aṣọ náà. Ó "ṣèèṣì" wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí mo lọ. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá, ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ gbójú sókè, ó ní, "Òdòdó lẹ wá fi sùn?"

Bí Baby Reindeer ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn náà, ọkùnrin yẹn níwájú ọlọ́pàá, tí wọ́n ń bi í pé kí ló dé tó pẹ́ kó tó wá. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé àìmọ̀ọ́sọ mi ló fà á tí wọn ò fi kà mí sí. Ìgbà tí mo rí i pé ọkùnrin kan ní ìlú òkèèrè jókòó sórí irú àga kan náà, tí wọ́n wo òun náà bẹ́ẹ̀, nǹkan kan tú nínú mi.

Nítorí náà, Kò-kàn-mí, ìbéèrè rẹ dára, ṣùgbọ́n èmi náà jèrè. Mi ò sì wo apá kẹrin yẹn o. Mo fò ó.

Baba-Kékeré
Ewé-Tútù, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Èmi fẹ́ sọ tàwa ọkùnrin. Èmi àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta la jọ jókòó wò ó. Gbogbo ìgbà tí ímeèlì obìnrin yẹn bá hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú gbogbo àṣìkọ rẹ̀, ẹ̀rín la ń rín. Obìnrin ń lé ọkùnrin kiri, kí ló burú? Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ ní òun ò kọ̀ ọ́. Ìgbà tó di apá kẹrin, ilé pa rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀kan dìde lọ síta, kò wọlé mọ́ títí eré fi parí, a ò sì bi í léèrè. Títí di òní a ò tíì bi í.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ Gadd ni pé kò sọ ara rẹ̀ di ẹni mímọ́. Ọkùnrin inú eré gbà pé ó dùn mọ́ òun pé ẹnìkan ń rí òun, nígbà tí òun fúnra òun ò rí ara òun bí èèyàn. Ó ń dá a lóhùn nígbà tí kò yẹ. Ó lọ ń wo ojú fèrèsé ilé obìnrin náà. Mi ò rí irú ìyẹn nínú eré rí. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ gbọ́dọ̀ funfun láú kí wọ́n tó gbà á gbọ́, àbí?

Ìyá-Ìbejì
Ibẹ̀ ló ti ń bà mí lẹ́rù, Baba-Kékeré. Àwọn kan á wò ó, wọ́n á ní "ṣé ẹ rí i, òun náà ló fà á".

Baba-Kékeré
Wọ́n á sọ ọ́, ma. Wọn ì bá sọ ọ́ náà ká ní ó pa á mọ́.

Agbẹjọ́rò-Àná
Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n irú ẹjọ́ báyìí kọjá lọ́wọ́ mi dáadáa, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un.

Ohun tí Ewé-Tútù sọ, pé lọ́kọ̀ọ̀kan kò jọ nǹkan kan, ibẹ̀ gan-an ni òfin ti ń kọsẹ̀. Òfin mọ ẹ̀ṣẹ́, ó mọ ọ̀bẹ, kò mọ òdòdó. Ìpínlẹ̀ California ló kọ́kọ́ ṣòfin tó sọ dídọdẹ ènìyàn di ọ̀ràn ní Amẹ́ríkà, ní 1990, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan tó ti ń lé òṣèré Rebecca Schaeffer kiri yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní 1989. Ní England àti Wales, òfin tó dojú kọ ìyọlẹ́nu dé ní 1997, ṣùgbọ́n ó di 2012 kí wọ́n tó kọ ìdọdẹ ènìyàn sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn tó dá dúró. Ohun tí Ìyá-Ìbejì sọ nípa "kò lù mí" náà, fífi ìdarí àti ìhàlẹ̀ de èèyàn mọ́lẹ̀ láìgbé ọwọ́ sókè, ó di ọ̀ràn níbẹ̀ ní 2015. Ẹ wo ọdún wọ̀nyẹn, kò pẹ́ rárá.

Àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ ní Ìlú Ọba máa ń wá àmì mẹ́rin: ọkàn ẹni náà ti lẹ̀ mọ́ èèyàn kan, kò lè ro nǹkan mìíràn mọ́, ẹni tí wọ́n ń lé kiri ò fẹ́ ẹ, ó sì ń ṣe é léraléra. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú eré yìí kí apá kìíní tó parí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó ṣì gbà. Ní 2017, Jane Monckton Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Gloucestershire yẹ ikú obìnrin 358 wò tí ọkùnrin pa ní Ìlú Ọba. Wọ́n rí ìwà ìdọdẹ nínú 94 nínú ọgọ́rùn-ún wọn.

Kò-kàn-mí
94? Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé ẹ ṣi nọ́ńbà kọ.

Agbẹjọ́rò-Àná
Mi ò ṣì í.

Olóbòró
Ẹ ti sọ̀rọ̀ dé ibi tó dùn. Ẹ ò tíì sọ ti obìnrin gidi o! Èmi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ tí mo wo apá kejì, kò tó wákàtí kan tí mo rí i. Orúkọ rẹ̀, fọ́tò rẹ̀, ohun tó ń kọ sí Facebook. Ó jọ ẹni inú eré gan-an. Líǹkì rẹ̀ rèé: [Alábòójútó ti yọ ọ́ kúrò]

Alábòójútó
Olóbòró, a ti yọ líǹkì náà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi orúkọ, fọ́tò tàbí ojú ewé ẹni tí wọ́n ní ó wà lẹ́yìn eré síbí. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Olóbòró
Haba, admin. Ó ti jáde lórí ayélujára, ó tiẹ̀ ti ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àṣírí wo ló kù?

Ewé-Tútù
Olóbòró, jẹ́ n bi ẹ́. O jókòó lóru, o wá ojú ewé obìnrin tó ò mọ̀, o ka ohun tó kọ ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, o wo fọ́tò rẹ̀, o wá fẹ́ kó o fún àwọn àlejò kí àwọn náà lọ wò ó. Kí ni wọ́n ń pe ìwà yẹn nínú eré tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán?

Olóbòró
Ẹ ò lè fi ìyẹn wé tèyí. Èmi ò fi ímeèlì 41,000 ránṣẹ́ sẹ́nì kan.

Ewé-Tútù
Ìwọ ò fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá bíi tìrẹ bá fi mẹ́rin mẹ́rin ránṣẹ́ ńkọ́?

Baba-Kékeré
Hmm.

Agbẹjọ́rò-Àná
Ọ̀rọ̀ Olóbòró yìí ti dé kóòtù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Gadd fúnra rẹ̀ bẹ àwọn òǹwòran pé kí wọ́n má wá àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn eré náà. Wọn ò gbọ́. Wọ́n tiẹ̀ so ọ̀ràn apá kẹrin mọ́ ọkùnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn títí tó fi di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, Gadd ló tún jáde sọ pé ẹni náà kọ́. Obìnrin tí wọ́n ní òun ni Martha, obìnrin tó ń lé ọkùnrin kiri nínú eré, pe Netflix lẹ́jọ́ ní California ní oṣù kẹfà 2024, dọ́là mílíọ̀nù 170 ló sì béèrè. Ó ní wọ́n bà òun lórúkọ jẹ́.

Ẹjọ́ yẹn rọ̀ mọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo. Apá kìíní eré náà sọ gbangba pé ìtàn tòótọ́ nìyí. Kò ní "a gbé e ka ìtàn tòótọ́", ó ní ìtàn tòótọ́. Ìkìlọ̀ pé wọ́n ti tún àwọn nǹkan kan ṣe fún eré, ìparí ló wà, nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré lọ, tí gbogbo wa ti tẹ apá tó kàn. Nínú eré, Martha jẹ́bi nílé ẹjọ́, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Adájọ́ sọ ní oṣù kẹsàn-án 2024 pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kéèyàn dọdẹ ẹnìkan àti kí ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó jẹ́ kí ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ náà máa lọ, ó sì dá àwọn ẹ̀bẹ̀ yòókù kan nù. Ó tún jọ pé Gadd ò fẹ́ gbólóhùn yẹn bẹ́ẹ̀, pé Netflix ló fẹ́ ẹ.

Èrò tèmi nìyí. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ìtàn rẹ̀, kódà bí ẹni tó ṣe é ò bá fẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ìtàn náà kò ní irú ẹ̀tọ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n bá gbé "tòótọ́" síwájú bí agogo tí wọ́n fi ń polówó ọjà, tí wọ́n wá fi ojú èèyàn pa mọ́ láàbọ̀, ọdẹ ni wọ́n ń sọ òǹwòran dà, wọ́n sì mọ̀.

Olóbòró
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n kọ ọ́ pé àròsọ ni, ta ló máa gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin? Àwọn ọ̀rẹ́ Baba-Kékeré ì bá máa rẹ́rìn-ín lọ ni.

Baba-Kékeré
Òótọ́ ló sọ níbẹ̀ yẹn. Nítorí pé mo mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é ni ẹ̀rín fi gbẹ lẹ́nu mi.

Àgbà-Òǹwòran
Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe tuntun. Ní oṣù kẹwàá 1984, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC gbé fíìmù The Burning Bed jáde ní Amẹ́ríkà, òṣèré Farrah Fawcett ló ṣe olórí eré. Obìnrin kan ní Michigan, ọkọ rẹ̀ lù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọlọ́pàá ń wá, wọ́n ń lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní 1977 ó kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, ó ti iná bọ yàrá tí ọkọ ń sùn. Àwọn ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ ní orí rẹ̀ ò pé lákòókò náà, wọ́n dá a sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n lò nínú fíìmù. Ẹ ò lè fi ojú òde òní mọ bí ẹnu ṣe kùn tó nígbà yẹn, nítorí lílu ìyàwó nínú ilé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ ní gbangba.

Kò sí Facebook nígbà náà. Òǹwòran wò ó, ó sunkún, ó sùn. Ẹ̀yin ni fóònù wà lọ́wọ́ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Awòran-Òru
Ẹ ṣeun gbogbo yín, mi ò rò pé ó máa gùn tó báyìí. Ewé-Tútù, mo fẹ́ fò apá kẹrin bíi tiyín. Ṣé ìyókù á yé mi? Ṣé irú ẹ̀ ò tún wà níwájú?

Ewé-Tútù
Á yé ẹ. O ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn tó. Wọ́n máa ń padà tọ́ka sí i, ṣùgbọ́n kò tún gùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Má ṣe fo ibi tó ti sọ ọ́ fún àwọn òbí rẹ̀ o. Ẹ̀rù ń bà á pé bàbá òun ò ní kà òun sí ọkùnrin mọ́, bàbá sì bi í pé ṣé ìwọ ò ní kà èmi náà sí ọkùnrin ni? Ó ní inú Ìjọ Kátólíìkì lòun dàgbà sí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá jókòó síbẹ̀.

Bó o bá sì ń wò ó, ojúmọmọ ni kó o wò ó, kí ẹnìkan wà nílé, kó o má sì to apá kan lé èkejì.

Ìyá-Ìbejì
Ẹ jẹ́ n béèrè tèmi kí wọ́n tó ti ìjíròrò yìí. Àwọn ìbejì ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Obìnrin ni ìkan, ọkùnrin ni èkejì. Èwo nínú irú eré yìí ni mo lè bá wọn jókòó wò? Maid gùn jù fún wọn, wọ́n ní ó ń fà.

Agbẹjọ́rò-Àná
Murdered by My Boyfriend, ti BBC Three ní 2014. Kò ju bíi wákàtí kan lọ, àwọn ọ̀dọ́ gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún pàdé ọmọkùnrin kan, ó ń jowú, wọ́n bímọ, ọkùnrin náà sì lù ú pa kó tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì yí orúkọ gbogbo wọn padà. Georgina Campbell tó ṣe ọmọbìnrin náà gba BAFTA, àmì ẹ̀yẹ àwọn òṣèré ní Ìlú Ọba, ní 2015. Ìkìlọ̀ mi ni pé òpin rẹ̀ le, ọmọ kékeré wà nínú ilé nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá wò ó ná.

Ìyá-Ìbejì
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti dá wò ó lánàá. Màá jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ wò ó, ọkùnrin gan-an ni mo tiẹ̀ fẹ́ kó rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí owú ti ń jọ ìfẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, màá fi ẹnu sọ ọ́ fún wọn.